Nígbà Tí Ohùn Àwọn Àgbà Fẹ́ Kú Sínú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Dísìkì Kan ní Koko

Ààlà pín ilẹ̀, kò pín ọmọ ìyá. Ìtàn tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti oyè. Ìtàn bí a ṣe ń tọ́jú ìtàn ni, àti bí èyí tí a tọ́jú ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Koko.

Àwa mélòó kan ní Koko, ní agbègbè Bantè, la fẹnu kò pé a ó gba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. A ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ti Yúróòpù gba Kútọnu wọlé. Linux la fi sí i, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Ní ìrọ̀lẹ́, tí a bá ti oko dé, a ó gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tàbí ìyá kan. A ó béèrè ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti wá, oríkì ìdílé wọn, orúkọ oko àtijọ́, àti orin tí wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń wa iṣu. Tí a bá padà délé, a ó kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, a ó sì pa á rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè wà fún ti ọ̀la. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wa wà. A kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, a tan kọ̀ǹpútà, ó pẹ́ gan-an kí ó tó jí. A ṣí ohùn kan, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tí a gbé etí sún mọ́ ọn, a gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni tí ń fi èékánná kan pákó. A pa á, a tún un tàn. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń burú sí i. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó wò ó, ó ní kí a jẹ́ kí òun nu gbogbo inú rẹ̀, kí òun tún Linux tuntun gbé sí i, yóò dá bí ọjọ́ kìíní. Díẹ̀ ló kù kí a gbà. Àbúrò wa kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Kútọnu ló kígbe lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án! Ẹ pa á, ẹ má sì tàn án mọ́ títí n ó fi dé."

A pa á. A jókòó, a ń wo ara wa. Kò sí ẹ̀dà ohùn yẹn níbòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó sọ̀rọ̀ fún wa sì ti filẹ̀ ṣaṣọ bora. Kò sí bí a ṣe lè padà lọ bi í léèrè.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí i

Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan nínú wa rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn aṣáájú wa. Ní 1862, iná jó ilé Àjàyí Crowther ní Èkó. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ bá iná náà lọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni.

Ti Samuel Johnson tún ju ìyẹn lọ. Òun ló kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí títí di òní. Ó lé ní 20 ọdún tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1899, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901, kò rí i. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tí ó jẹ́ oníṣègùn, wá kó àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó tún odindi ìwé náà kọ. Ogun àgbáyé kìíní dé. Ní oṣù kìíní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tó ń gbé ìwé náà lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọdún 2 kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé. Ní 1921 ni ó jáde. Obadiah alára ti kú ní 1920.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ̀ tó kù nílé ló gba ìtàn Yorùbá là. Bí Johnson bá ti jó wọn lẹ́yìn tí ó fi ìwé ránṣẹ́ tán, kò ní sí nǹkan kan. Àwa ní Koko, ohùn tó wà lórí fóònù ni ìwé àkọ́kọ̀ tiwa. Ọwọ́ ara wa la fi pa á rẹ́.

Ibi tí dísìkì ti wá

Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, tí àwa tí a wà ní apá Faransé ń pè ní disque dur, kò tíì pé 100 ọdún. Ní 1956, ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ RAMAC jáde. Nínú rẹ̀ ni dísìkì àkọ́kọ́ irú èyí wà. Àwo pẹrẹsẹ 50 ni, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 24, wọ́n tò léra, wọ́n sì ń yí. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Síbẹ̀, lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ni ó lè gbà, nǹkan bí orin kan ṣoṣo lórí fóònù òde òní. Ní 1980, ilé-iṣẹ́ Seagate ṣe èyí tí ó gba iye kan náà, ṣùgbọ́n tí ó kéré débi pé ó wọ inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Láti ìgbà náà ni dísìkì ti ń kéré sí i, tí inú rẹ̀ sì ń gba nǹkan sí i.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹ̀rọ agbáwo orin tí àwọn bàbá wa ní. Àwo ń yí, apá kékeré kan sì ń lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ agbáwo orin máa ń kan àwo, ṣùgbọ́n orí apá ti dísìkì kò gbọdọ̀ kàn án. Afẹ́fẹ́ tí yíyí àwo dá sílẹ̀ ló gbé e dúró. Àlàfo àárín wọn kéré débi pé eruku tí ojú kò rí tóbi jù ú lọ. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, àwo náà sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá já bọ́, tàbí tí ó bá ti gbó, orí náà lè ha àwo. Ibi tó bá ha, ohun tí a kọ síbẹ̀ ti lọ. Kẹ́, kẹ́, kẹ́ tí a gbọ́ yẹn, apá náà ló ń wá ibi tí yóò kà, tí kò rí i, tí ó ń padà sẹ́yìn láti tún bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe tú dísìkì wò o, pàápàá jù lọ nínú eruku ọyẹ́ wa. Àwọn tí ń tú u ń ṣe é nínú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Bí dísìkì ṣe kọ́ láti sọ ibi tó ń dùn ún

Ní àtètèkọ́ṣe, dísìkì kì í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá kú ni olówó rẹ̀ tó mọ̀. Ní 1992, IBM bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísìkì tó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ní 1995, Compaq gbé irú tirẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù kí gbogbo wọn lè sọ èdè kan náà. Láti inú èyí ni ohun tí a ń pè ní SMART ti jáde. Ìwé ìlera dísìkì ni. Dísìkì fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé wà, ta ni yóò kà á? Ibí ni Linux ti wọlé. Ní oṣù kẹjọ 1991, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Helsinki, Linus Torvalds, ẹni ọdún 21, kéde pé òun ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo bá a fi ọwọ́ sí i bí ẹni ṣe ọ̀wẹ̀ lóko. Ní 2002, Bruce Allen, onímọ̀ físíìsì kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ smartmontools, ohun èlò tí ń ka ìwé ìlera dísìkì. Ní 2004, Antonio Diaz Diaz gbé ddrescue jáde, èyí tí ń kó ohun tó wà nínú dísìkì tó ń kú jáde. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹni tó wà ní Koko àti ẹni tó wà ní London, nǹkan kan náà ni wọn yóò lò.

Àwa náà kò sì dúró lẹ́yìn. Ní Kútọnu, àwọn ará BloLab ti fi kẹ̀ẹ̀gì oníke àti àlòkù ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà to kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Jerry, tí Linux sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn kan jù nù, àwọn mìíràn ń fi kọ́ ọmọ níwèé.

Ohun tí a ṣe

Nígbà tí àbúrò wa dé láti Kútọnu, ó gbé fláàṣì USB kan tó ní Linux nínú dání, àti dísìkì tuntun kan tí a dá owó rà. Inú fláàṣì ló ti tan kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ ohunkóhun sórí dísìkì aláìsàn. Ó ní òfin àkọ́kọ́ nìyẹn, pé gbogbo ohun tí a bá kọ sórí rẹ̀ lè bo ohun tí à ń wá mọ́lẹ̀.

Ó kọ́kọ́ yọ dísìkì náà, ó tún un kì bọ ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé nígbà mìíràn, ibi tó so mọ́ kọ̀ǹpútà lásán ló ń dààmú. Lẹ́yìn náà ó tẹ lsblk, èyí tí ń sọ orúkọ gbogbo dísìkì àti bí wọ́n ṣe tóbi tó. Ó tẹ sudo dmesg, èyí tí ń sọ ohun tí Linux ti rí. "I/O error, dev sda" ló kún ibẹ̀. Ìyẹn ni pé Linux béèrè, dísìkì kò lè dáhùn. Lẹ́yìn náà ló tẹ sudo smartctl -a /dev/sda, ìwé ìlera sì ṣí sílẹ̀ níwájú wa.

Ìlà mẹ́rin ló ní kí a máa wò. Ìlà 5 ni iye ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò. Ìlà 197 ni iye ibi tí kò lè kà, tí kò tíì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ìlà 198 ni èyí tó gbìyànjú títí tó gbà pé kò ṣeé kà. Ìlà 199 sábà máa ń jẹ́ ẹ̀bi wáyà, kì í ṣe ti dísìkì. Ìlà 199 tiwa jẹ́ òdo. Ìlà 197 jẹ́ 48. Nígbà tí a tún un wò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ti di 72. Àbúrò wa kò wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, aláìsàn tó ń pọ̀ọ̀kà ìrọ̀kú, a kì í bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká kó ẹrù jáde."

Iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ó fi ddrescue ṣe é:

sudo ddrescue -n /dev/sda /media/tuntun/koko.img /media/tuntun/koko.map

Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́. Dísìkì tí a ń kó láti inú rẹ̀ ló máa ń ṣáájú, ibi tí à ń kó o sí ló máa ń tẹ̀lé e. Ẹni tó bá pàṣípààrọ̀ wọn yóò kó òfìfo lé ohun tó fẹ́ gbà là.

Ọgbọ́n ddrescue yé àwa àgbẹ̀ kíákíá. Tí o bá fẹ́ wa iṣu nígbà tí òjò ti ṣú, o kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ebè tó wà láàárín àpáta. Wàá kọ́kọ́ wa ibi tó rọ̀, wàá kó iṣu tó dára sílé, lẹ́yìn náà ni wàá padà sí ibi tó le. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ka ibi tó dára ní kíákíá, ó fo ibi tó le, ó sì ń kọ sínú ìwé kékeré yẹn, koko.map, ibi tó ti dé àti ibi tó fò. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru yẹn, bátìrì kọ̀ǹpútà náà sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná padà, a tún tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, ó wo ìwé rẹ̀, ó sì tẹ̀síwájú láti ibi tó dúró. Láìsí ìwé náà, àtàárọ̀ la ó ti máa bẹ̀rẹ̀, dísìkì ì bá sì ti kú sójú ọ̀nà.

Nígbà tí ìpele kìíní parí, ó fi -d -r3 rọ́pò -n, kí ó lè padà sí ibi tó le ní ìgbà 3. Ó rí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni a pa dísìkì náà, a kò sì tàn án mọ́. Ẹ̀dà koko.img la ṣe ẹ̀dà mìíràn láti ara rẹ̀, orí ẹ̀dà kejì yìí la sì ti lo e2fsck láti tún ètò fáìlì rẹ̀ ṣe. A kì í lo fsck lórí dísìkì tó ń kú. Ó máa ń kọ nǹkan, ó sì ń fi tipátipá kà á. Iṣẹ́ yẹn lè pa á.

Ohun tó padà, ohun tí kò padà

A rí ohùn tó pọ̀ jù gbà. Nígbà tí a ṣí ti bàbá kan tó ń ka oríkì ilé wọn, tí ohùn rẹ̀ jáde geerege, ọmọ rẹ̀ tó wà láàárín wa bú sẹ́kún. Ti ìyá tó ti lọ yẹn kò pé. Ó ń sọ ọ̀nà tí àwọn èèyàn rẹ̀ gbà dé, ó dárúkọ odò kan, ohùn náà gé. Nígbà tí ó padà, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi wá bóyá a ti jẹun. Orúkọ àwọn ibi tí wọ́n sùn lọ́nà wà nínú ibi tó gé yẹn. A ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn kò mọ̀ ọ́n.

A kò sọ èyí láti bà yín lọ́kàn jẹ́. A sọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ yín ló ń gba ohùn bàbá àti ìyá yín sílẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é, tí ẹ sì rò pé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ti wà láìléwu. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Google tẹ ìwé jáde lórí dísìkì tó lé ní 100,000. Wọ́n rí i pé bí àṣìṣe kíkà bá yọjú lórí dísìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ewu pé yóò kú láàárín 60 ọjọ́ di ìlọ́po 39. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé ó lé ní ìdajì nínú àwọn tó kú tí kò fi ọ̀kankan hàn nínú àmì mẹ́rin tó lágbára jù. Tiwa pariwo. Tiyín lè má pariwo.

Ìdí nìyí tí ẹ̀dà fi ṣe pàtàkì ju àmì lọ. Ẹ wo Ifá. Kì í ṣe orí babaláwo kan ṣoṣo ni ẹsẹ Ifá wà. Ó wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ní ìlú púpọ̀, ní ìhà méjèèjì ààlà, kódà ní Cuba àti Brazil. Ogun kó ìlú, iná jó ilé, Ifá kò parẹ́. Ẹni tó kú ní ìlú kan, ẹlòmíràn ń ki í ní ìlú kejì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wá ṣètò tiwa. Ẹ̀dà kan wà ní Koko nínú dísìkì tuntun. Ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ ará wa kan ní Savalou. Ẹ̀kẹta ti kọjá ààlà, ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan ní Nàìjíríà. A tún ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé, pẹ̀lú bíírò, nítorí pé ìwé kò nílò iná. A kì í sì í pa ohùn rẹ́ lórí fóònù mọ́ títí ẹ̀dà mẹ́ta yóò fi pé, tí a ó sì ti ṣí wọn gbọ́.

Tí kọ̀ǹpútà yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra láìnídìí, tí fáìlì ń kọ̀ láti ṣí, tí Linux bá ṣàdédé sọ pé kíkà nìkan ni òun gbà, pé òun kò gba kíkọ mọ́, tàbí tí ẹ bá gbọ́ kẹ́, kẹ́ yẹn, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹta bí tiwa. Bí lsblk kò bá tilẹ̀ rí dísìkì náà mọ́, ẹ má fi ipá mú un, ẹ gbé e fún àwọn tó ní yàrá rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń hàn, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù jáde, kí ẹ tó ronú àtúnṣe. Lórí Debian àti Ubuntu, gddrescue ni orúkọ tí ẹ ó fi wá ddrescue. Dísìkì tí ẹ ó kó o sí gbọ́dọ̀ tóbi ju ti àtijọ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ FAT32, nítorí pé ìyẹn kì í gba fáìlì tó tó 4 GB.

Ẹ̀yin ará Agoua, Akpassi, Gouka, Pira, àti gbogbo ìlú tó yí wa ká, ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí àwọn èèyàn wa gbà dé agbègbè yìí, tó lè rántí orúkọ àwọn ibi tí wọ́n sùn lẹ́yìn tí wọ́n kọjá odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́. Ibi tó gé nínú ohùn ìyá wa ṣì ṣófo, bóyá ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí ẹnì kan níbì kan.